Ọkọ̀ Àlòkù Tó Rẹwà fún Ìrìn Iṣẹ́ ní Dublin: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, yálà lẹ́yìn ìsìn ni o, tàbí níbi ìkómọjáde, tàbí níbi tí a ti ń dúró de Luas: “Mo rí mọ́tò kan, ó gún régé, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣé kí n rà á?” Mọ́tò ọ̀hún sábà máa ń jẹ́ BMW, Mercedes, Audi, tàbí ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde tuntun, olówó ló ń gùn ún. Nísinsìnyí, iye tí wọ́n ń pè é lè má ju ti Toyota kékeré lọ.

Ìdáhùn mi kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”, kì í sì í ṣe “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ọkọ̀ tó rẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí lọ síbi iṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó wù ú. Àmọ́ ní ìlú yìí, owó tí ẹ máa fi ra ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó tí ẹ máa fi gùn ún. Èkejì yẹn ló ń bá owó ilé, owó oúnjẹ àwọn ọmọ àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé du àyè. Nítorí náà, mo to ohun tó yẹ kí ẹ wò lẹ́sẹẹsẹ síhìn-ín, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè fi ṣírò tirẹ̀. Àwọn àgbà ló ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

ṢÉ Ẹ NÍLÒ ỌKỌ̀ LÓÒÓTỌ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta: ibi tí ẹ ń gbé, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, àti aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Tallaght tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St James’s, Luas pupa máa gbé e dé ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìpààrọ̀ ọkọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, €2 ni àgbàlagbà tó ní Leap Card ń san fún ìrìn ìṣẹ́jú 90 nínú ìlú Dublin. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó sì wọ Luas láàárín àkókò yẹn láìsan owó mìíràn. Tí a bá ka àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 220 tí èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́dún, €880 nìyẹn. Ó ṣòro kí ẹ rí ọkọ̀ kankan, bó ti wù kó kéré tó, tó máa gba €880 péré lọ́dún, tí a bá ka ìnṣọ́ránsì, epo, owó orí ọkọ̀ àti mẹkáníìkì pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ yín bá wà nínú ètò TaxSaver, wọ́n tiẹ̀ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín látinú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, iye rẹ̀ á sì tún wálẹ̀ sí i.

Bọ́ọ̀sì òru náà ti wà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni nọ́ńbà 41, èyí tó ń gba pápákọ̀ òfurufú lọ sí Swords, àti nọ́ńbà 15 ti ń rìn tọ̀sántòru. Ẹ tún rántí pé àárín ìlú kò gba mọ́tò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọkọ̀ aládàáni kò lè gba Bachelors Walk àti Aston Quay kọjá tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Liffey láti aago méje àárọ̀ títí di méje alẹ́. Tó bá jẹ́ àárín ìlú ni iṣẹ́ yín wà, ẹ béèrè ibi tí ẹ máa páàkì sí kí ẹ tó béèrè iye ọkọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ni Luas ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ẹni tó ń gbé ní Balbriggan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Connolly ní Blanchardstown, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀, ìyẹn ní láti wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń lọ tọ́jú àgbàlagbà láti ilé dé ilé, tàbí àwọn tí ilé iṣẹ́ ń rán lọ sí ilé ìtọ́jú lónìí ní Meath, lọ́la ní Kildare, mọ́tò ni oko àti àdá wọn. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìbéèrè kì í ṣe “ṣé kí n ra ọkọ̀?” Irú ọkọ̀ wo ni ìbéèrè.

LÁÍSẸ́ǸSÌ LÓ ṢÁÁJÚ

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, bó ti wù kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó, kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá èèyàn pààrọ̀ sí ti Ireland. Àlejò lè fi wakọ̀ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ibí ṣe ilé ní láti gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ NDLS, kó gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí wọ́n sọ di dandan láti ọdún 2011, kó sì yege ìdánwò.

Òfin tó de akẹ́kọ̀ọ́ kan ìpinnu yìí gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ dá wakọ̀. Ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì kíkún fún ọdún 2 ó kéré tán gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Kò sì gbọ́dọ̀ gun òpópónà motorway. M50 àti M1 wà lára wọn, àwọn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ náà nìyẹn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2018, Gárdà lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wakọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ tó sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ náà ti rú òfin. Bí ìdánwò yín bá ṣì wà níwájú, ẹ kò lè fi ọkọ̀ ẹlẹ́wà yẹn dá lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó sì máa sanwó lórí rẹ̀ bó ṣe wà ní páàkì.

ÌNṢỌ́RÁNSÌ: Ẹ BÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ LỌ WO ỌKỌ̀

Bí mo bá ní kí n mú ìmọ̀ràn kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí, òun nìyí: ẹ gba iye ìnṣọ́ránsì lórí nọ́ńbà ọkọ̀ náà gan-an kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa wo ọjọ́ orí yín, iye ọdún tí ẹ ti ní láísẹ́ǹsì kíkún, iye ọdún tí ẹ ti fi wakọ̀ láìgba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn, àdúgbò yín, agbára ẹ́ńjìnnì, àti ọjọ́ orí ọkọ̀ náà. Ọdún tí ẹ fi wakọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó láìforí gbá ẹnikẹ́ni, wọn kì í sábà kà á kún un. Àwọn kan kì í gba oníbàárà tuntun tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dàgbà jù. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kó wá láti Japan. Ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yí ẹ́ńjìnnì tàbí rọ́ọ̀mù rẹ̀ padà náà máa ń fa wàhálà. Bí ẹ bá sì pa á mọ́ fún wọn, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, dandan ni kí gbogbo ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní nọ́ńbà tó wà lórí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ mẹ́ta bá kọ̀ yín, ẹ gba ìkọ̀sílẹ̀ wọn ní kíkọ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Insurance Ireland. Ètò kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sí àwọn òbí. Bí ọmọ yín bá pé ọdún 18 tó sì fẹ́ mọ́tò, ẹ má fi orúkọ Dádì tàbí Mọ́mì síwájú bí ẹni tó ni ọkọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ló ń gùn ún lójoojúmọ́. Irọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń pe ìyẹn, wọ́n sì lè fagi lé ìwé náà. Ẹni tí wọ́n bá ti fagi lé ìwé rẹ̀ rí máa ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ewu ibẹ̀ ju ti owó lọ. Ẹni tí Gárdà bá mú láìní ìnṣọ́ránsì lè pàdánù ọkọ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kàn. Ẹ sì mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ìwé ọmọ onílùú Ireland ń béèrè nípa ẹjọ́ ojú pópó, ìwà rere sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Kò yẹ kí mọ́tò kan dí ìdílé lọ́wọ́ ìwé tí wọ́n ti ń retí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

OWÓ ORÍ ỌKỌ̀: BÍ ÌBEJÌ, WỌN Ò SAN BÁKAN NÁÀ

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2008 ni ìjọba yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó orí ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, èéfín tó ń tú jáde ni wọ́n ń wọ̀n.

Ní ètò àtijọ́, ẹ́ńjìnnì 1.0 ń san €199 lọ́dún, 1.4 ń san €385, 2.0 ń san €710, 3.0 sì ń san €1,494. Ní ètò tuntun, fún ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí dé òpin 2020, èyí tí èéfín rẹ̀ kò kọjá gíráàmù 120 ní kìlómítà kan kì í san ju €200 lọ. Èyí tó kọjá gíráàmù 225 ń san €2,400. Ọkọ̀ tí kò lo epo rárá, iná mànàmáná nìkan, ń san €120.

Ẹ wá wò ó. Ẹ lè rí ọkọ̀ méjì tí wọ́n jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọ̀kan wọlé ní 2007, èkejì wọlé ní ìparí 2008, ẹ́ńjìnnì dísù 2.0 kan náà. Táíwò lè máa san €710, kí Kẹ́hìndé máa san €200. Bí owó tí wọ́n ń pe ọkọ̀ kan bá rọjú lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ wo ọdún tó wọlé. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó ń san owó orí ọkọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ń san ju ẹni tó san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Nọ́ńbà ara ọkọ̀ á sọ ọdún fún yín. 07-D túmọ̀ sí 2007, Dublin. Láti 2013 ni wọ́n ti pín ọdún sí méjì: 131 ni oṣù kìíní sí ìkẹfà, 132 ni oṣù keje sí Kejìlá. Àmọ́ ọkọ̀ tó ti òkèèrè wá náà máa ń gba ọdún tó kọ́kọ́ jáde, torí náà 12-D lè jẹ́ ọkọ̀ tó wọlé láti England lọ́dún tó kọjá.

ẸWÀ ŃKỌ́, ELÓÒ LÓ Ń GBÀ?

Bí owó ọkọ̀ bá tilẹ̀ wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. BMW tó jẹ́ €40,000 nígbà tó jáde, tí ẹ wá rà ní €4,000, bíréèkì ọkọ̀ €40,000 náà lẹ ó ṣì máa rà fún un.

Táyà: àwọn rọ́ọ̀mù ńlá oní-18 àti oní-19 tó ń dùn ún wò yẹn, táyà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò. Ó wọ́n ju táyà ọkọ̀ lásán lọ, kò sì fẹ́ràn kòtò ojú ọ̀nà àti òkìtì tí wọ́n mọ sínú àdúgbò wa láti dín eré kù.

Dísù: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́wà tó wà lọ́jà jẹ́ dísù, nítorí ètò owó orí 2008 yẹn ló mú káwọn èèyàn rọ́ lọ sídìí rẹ̀. Dísù òde òní ní asẹ́ kan tó ń gba èéfín dúdú, DPF ni wọ́n ń pè é. Asẹ́ yìí nílò ìrìn jíjìn tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa kó tó lè jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Bó bá jẹ́ láti Ongar sí Blanchardstown Centre nìkan lẹ ń lọ lẹ ń bọ̀, asẹ́ á dí, owó tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kúrú, kó ra pẹtiróòlù tàbí oníná-àtepo bíi Toyota Prius. Ẹni tó ń gun M1 tàbí M7 lójoojúmọ́, dísù lè bá a lára mu.

Ẹ́ńjìnnì: ẹ kà nípa ẹ́ńjìnnì náà gan-an, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. Àpẹẹrẹ kan ni ẹ́ńjìnnì dísù N47 tí BMW bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2007. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tí jíà wà, ni wọ́n fi ṣéènì rẹ̀ sí. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2007 sí 2011 pàápàá, ṣéènì yìí ni gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ sí ìṣòro wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe rí, bíi ti àpò afẹ́fẹ́ Takata tó kan oríṣiríṣi ọkọ̀ káàkiri ayé, kí ẹ sì gba ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe é.

Ìdílé: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì dára lójú, àmọ́ ẹ gbìyànjú àtigbé ìjókòó ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nínú òjò, kí ẹ tó mọ bó ṣe ń rí.

ÌTÀN ỌKỌ̀ ÀTI ÌWÉ RẸ̀

Ọdún 2000 ni àyẹ̀wò NCT bẹ̀rẹ̀ ní Ireland. Ọkọ̀ tó bá pé ọdún 4 ló ń kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì, tó bá sì ti kọjá ọdún 10, ọdọọdún ni. NCT tuntun dára, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ yege lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Kò sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò àtẹ̀yìnwá náà, nítorí wọ́n máa ń kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sínú rẹ̀. Bí ìwé ọdún 2021 bá ní 190,000, tí aago inú ọkọ̀ sì ń ka 140,000 lónìí, ẹnì kan ti yí aago sẹ́yìn nìyẹn. Òfin ojú pópó ọdún 2014 sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ sanwó díẹ̀ fún Cartell tàbí MotorCheck kí wọ́n bá yín wo ìtàn ọkọ̀ náà, títí kan ti England. Ohun tí ẹ ń wá ni: ṣé gbèsè wà lórí rẹ̀? Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí lẹ́yìn jàǹbá? Ṣé ìrìn rẹ̀ bára mu? Gbèsè ló léwu jù, nítorí bí ẹni tó tà á kò bá tíì san án tán, ilé iṣẹ́ tó yá a lówó ló ṣì ni ọkọ̀, wọ́n sì lè wá gbé e lọ́wọ́ yín.

Ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VRC gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ibẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí nọ́ńbà inú ìwé sì bá èyí tó wà lára ọkọ̀ mu. Bó bá ní ìwé wà nílé, ẹ̀gbọ́n òun ló mú un dání, ẹ dágbére fún un, ẹ máa lọ.

LỌ́WỌ́ TA NI KÍ Ẹ TI RÀ Á?

Lọ́dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ọdún 2022 dáàbò bò yín: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí àti owó rẹ̀, kó sì rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “kò sí ìdápadà” sórí rìsíìtì, ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà. Ẹ lè béèrè lọ́dọ̀ CCPC, ẹ sì lè gbé ọ̀rọ̀ tí kò ju €2,000 lọ sí ilé ẹjọ́ fún ẹ̀sùn kéékèèké ní €25. Lọ́wọ́ aládàáni, ẹ̀tọ́ yín kéré gan-an. Òótọ́ ni kó sọ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò bá béèrè, kò pọn dandan kó sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò tó ń ṣe bí aládàáni. Bó bá ní ọkọ̀ ìyàwó òun ni, tí orúkọ tó wà nínú ìwé sì yàtọ̀, tí ọkọ̀ mìíràn tún wà níwájú ilé rẹ̀ fún títà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Láti England, nǹkan ti yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí Britain ti jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọkọ̀ àlòkù láti ibẹ̀ ń san VAT 23%, ó tún lè san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kó tó wá kan VRT, owó ìforúkọsílẹ̀. Laarin ọjọ́ 30 tó bá wọlé ni ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó tó dà bíi pé ó rọjú ní Manchester lè má rọjú mọ́ tó bá dé Dublin. Àmọ́ ìdílé tó ń kó bọ̀ láti England wá máa gbé níbí, tí wọ́n sì ti ní ọkọ̀ wọn fún oṣù 6 ó kéré tán, lè béèrè fún ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ VRT. Kí wọ́n kàn sí Revenue kí wọ́n tó kó dé.

Ẹ má sì fi ọkàn sí i pé bó bá gbó tán ẹ máa gbé e lọ sílé. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ojú ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ Ireland sì wà. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá nídìí tòkúnbọ̀.

LỌ́JỌ́ TÍ Ẹ BÁ LỌ WO Ó

Ẹ lọ ní ọ̀sán, kì í ṣe nínú òkùnkùn tàbí òjò. Ẹ sọ fún un kó má sítáàtì ọkọ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo èéfín: tó bá jẹ́ búlúù, ó ń jó ọ́ìlì, tó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi lè máa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1.6mm ni jíjìn tó kéré jù tí òfin gbà. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, títí kan amúlétutù. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, nínú àdúgbò àti lójú ọ̀nà tó yára. Lẹ́yìn náà, ẹ sanwó fún mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á, kó gbé ọkọ̀ sókè kó wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí kò gbà kí mẹkáníìkì wò ó, ó ti dá yín lóhùn.

Nípa owó, ẹni tó fi èsúsú rà á ló fọkàn balẹ̀ jù, nítorí kò jẹ èlé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni credit union: ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tó bá jẹ́ hire purchase, ilé iṣẹ́ ayánilówó ló ni ín títí ẹ ó fi san èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ kò sì lè tà á láìgba àṣẹ wọn. Lábẹ́ òfin ọdún 1995, bí ẹ bá ti san ìdajì gbogbo owó náà, ẹ lè dá ọkọ̀ padà kí ẹ sì bọ́.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ́

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ti Balbriggan lọ sí Blanchardstown. Ká ní kìlómítà 60 ni lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, fún ọjọ́ 220: kìlómítà 13,200 lọ́dún. Ká fi €1.75 ṣírò lítà epo. Ẹ fi iye tó wà ní ilé epo yín rọ́pò rẹ̀.

Ọkọ̀ kìíní: onílẹ̀kùn méjì tó rẹwà, pẹtiróòlù 2.0, 2007, ó ń jẹ lítà 9 ní kìlómítà 100. Epo jẹ́ €2,079, owó orí jẹ́ €710. Àpapọ̀: €2,789.

Ọkọ̀ kejì: onílẹ̀kùn márùn-ún lásán, 2012, èéfín rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 120, ó ń jẹ lítà 5.5. Epo jẹ́ €1,270.50, owó orí jẹ́ €200. Àpapọ̀: €1,470.50.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ €1,318.50 lọ́dún, bíi €110 lóṣù, kí á tó ka ìnṣọ́ránsì, táyà àti mẹkáníìkì. Iye tí ẹwà ń gbà lóṣooṣù nìyẹn. Ẹlòmíràn lè wo €110 kó ní ó tọ́ sí òun, kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á rí owó ilé ìwé àbúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ mọ iye náà kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ń lọ sí Lucan tàbí Tallaght lórí M50 á tún fi owó ibodè kún un. Àárín ìkóríta 6 ní Blanchardstown àti 7 ní Lucan ni wọ́n ti ń gbà á. Kò sí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ láti ọdún 2008. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sanwó kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtanràn dé. Ẹni tó ti ìhà M1 wá tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìkóríta 6 kò débẹ̀, kò sì san nǹkan kan.

ÈRÒ TÈMI

Mo gbà pé kí ẹ ra ọkọ̀ ẹlẹ́wà náà bí iṣẹ́ yín bá nílò ọkọ̀ lóòótọ́, bí láísẹ́ǹsì kíkún bá wà lọ́wọ́, bí iye ìnṣọ́ránsì kò bá já yín láyà, bí ìwé àti ìtàn rẹ̀ bá mọ́, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bá ìrìn yín mu, bí ẹ bá sì ṣì ní owó nílẹ̀ fún àtúnṣe lẹ́yìn tí ẹ ti rà á tán. Tí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Mọ́tò pọ̀ ní Dublin. Òmíràn á tún jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo owó tó wà nílé ni ọkọ̀ náà máa gbé, ẹ rántí ohun tí wọ́n máa ń wí l’Ábẹ́òkúta: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé yín dé ẹnu iṣẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá agbára yín, kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá.

Ẹ fi sùúrù wakọ̀ o. Ọlọ́run á máa mú wa lọ, á máa mú wa bọ̀. Ire o.